Ògiri tí wọ́n gbé bọ́ọ̀dù kọ́: ìṣẹ̀lẹ̀ kíláàsì kan l'Ábẹ́òkúta

Ohun tí wọ́n ní kí n wá ṣe ni kí n kọ ìwé tí wọn yóò fi yọ ọmọ mẹ́ta kúrò ní kíláàsì wọn. Wọn kò là á bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún mi lórí fóònù pé kí n wá "yẹ àwọn ọmọ náà wò," kí n sì sọ bóyá yàrá ọ̀tọ̀ ni yóò ṣe wọ́n láǹfààní jù. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, wọ́n ti gbá yàrá ìkẹ́rùsí kan mọ́, wọ́n ti kan bọ́ọ̀dù dúdú àtijọ́ mọ́ ògiri rẹ̀, tábìlì kékeré mẹ́ta sì ti wà nílẹ̀. Ìwé mi nìkan ló kù.

Tíṣà àwọn akàndá ẹ̀dá ni mí. Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ náà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1977 fún irú iṣẹ́ yìí, mo sì máa ń lọ káàkiri àwọn ilé-ìwé tó bá pè mí. Èyí tí mò ń sọ yìí jẹ́ aládàáni, lápá Ìdí-Àbà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò burú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó tilẹ̀ sàn ju ọ̀pọ̀ lọ, torí ó gba àwọn ọmọ tí ilé-ìwé mìíràn ti dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú kíláàsì JSS 2 kan ṣoṣo, wọ́n ní ọmọbìnrin àfín kan tí kò ríran jìnnà, ọmọkùnrin kan tí etí rẹ̀ ti di láti ìgbà tí yírùnyírùn ti ṣe é ní kékeré, àti ọmọkùnrin mìíràn tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn. Ìpalára tó dé bá ọpọlọ ẹni ìkẹta yìí nígbà ìbí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè rìn, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n bó bá fẹ́ mú nǹkan. Orí rẹ̀ pé pérépéré. Òun ló ń ṣe ipò kejì nínú Ìṣirò.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń bá àwọn yòókù kàwé láti JSS 1, wàhálà wọn kò sì ju wàhálà ọmọdé lọ. Nígbà tí bọ́ọ̀dù tuntun dé ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Bọ́ọ̀dù afọwọ́kàn ni, 75 íǹṣì, irú èyí tí ènìyàn ń fi ìka kọ̀wé sí, tó ń fi fídíò hàn, tí Android wà nínú rẹ̀. Olùdásílẹ̀ ilé-ìwé, ẹni tí tíṣà àti ọmọ jọ ń pè ní Dádì, fi owó gidi rà á, ó sì fi àwòrán rẹ̀ sí ara bébà ìpolówó ọdún náà. Kò pé táàmù kan tí àwọn tíṣà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wọn pé àwọn ọmọ mẹ́ta yìí "kò bá ẹ̀rọ náà lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí yàrá ẹ̀yìn.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá jáde.

Láàárọ̀, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ọ̀sán ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí oòrùn ṣe yí sí apá ìwọ̀-oòrùn, fèrèsé mẹ́ta tó wà lápá ibẹ̀ dojú kọ bọ́ọ̀dù gan-an, ojú bọ́ọ̀dù sì di dígí. Láti ibi tí mo wà, igi máńgòrò tó wà níta ni mò ń rí nínú rẹ̀ ju iṣẹ́ tí tíṣà kọ lọ. Lójijì ni ìlà pupa kan fa ara rẹ̀ láti igun òkè wá sí àárín, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn ọmọ hó yèè. Wọ́n ní iwin ló ń kọ̀wé, wọ́n sì ti sọ iwin náà lórúkọ.

Kì í ṣe iwin. Bọ́ọ̀dù irú èyí kì í mọ ọwọ́ bí fóònù ṣe ń mọ̀ ọ́n. Gíláàsì fóònù ń lo iná díẹ̀díẹ̀ tí ara ènìyàn lè gbé, ìdí nìyẹn tí ìgẹ̀rẹ́ igi tàbí èékánná gígùn kì í fi í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní ti bọ́ọ̀dù yìí, àwọn iná kéékèèké wà ní etí férémù lápá méjì, wọ́n ń ta ìtànṣán infrared tí ojú kò lè rí sí àwọn tó ń gbà á ní òdìkejì. Ohunkóhun tó bá ti dínà fún ìtànṣán yẹn, ìka ni bọ́ọ̀dù kà á sí. Bẹ́ẹ̀ oòrùn náà ní infrared nínú, ó sì pọ̀. Bó bá ràn mọ́ férémù tààrà, ẹ̀rọ kò ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Eruku ọyẹ́ tó bá dì sí etí férémù lè fa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ gbígbẹ lásán ni ìyẹn ń gbà.

Tíṣà ti ní ohun tí ó máa ń ṣe sí oòrùn: ó fa kọ́tìnì. Gbogbo kíláàsì sì mí kanlẹ̀, nítorí wọ́n tún ti rí ojú bọ́ọ̀dù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọmọkùnrin tí etí rẹ̀ di. Ètè tíṣà ló fi ń gbọ́rọ̀. Ó tún máa ń wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti kọ́ èdè àfọwọ́sọ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. (Èdè àfọwọ́sọ tí àwọn adití wa ń lò nílé-ìwé ní Nàìjíríà, gbòǹgbò rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Andrew Foster wá, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gánà lọ́dún 1957 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.) Nígbà tí kọ́tìnì wálẹ̀, kíláàsì ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ bọ́ọ̀dù wà lẹ́yìn tíṣà, ojú tíṣà sì di òjìji. Ọmọ náà tẹjú mọ́ apá ibẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya mọ́tò sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn, wọ́n kọ ọ́ pé "kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́."

Ọmọbìnrin àfín ńkọ́? Ẹni tí wọ́n rò pé kọ́tìnì wà fún nìyí, òun gan-an ni ìyà tirẹ̀ wá pọ̀ sí i. Àwọ̀ tí kò sí lára àfín kò sí nínú ẹyinjú rẹ̀ náà, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ń ya wọlé láìsí ohun tó ń dín in kù. Ibi tó yẹ kó máa ríran kedere jù nínú ẹ̀yìn ojú kò sì dàgbà tó bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí awò fi ń ràn án lọ́wọ́ láìwò ó sàn, ìdí náà sì nìyí tí ojú ọ̀pọ̀ wọn fi máa ń jó. Ẹ wá gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ sínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ tan ojú bọ́ọ̀dù funfun báláú síwájú rẹ̀. Mo bi í bó ṣe ń rí lójú rẹ̀. Ó ní, "Mà, funfun ẹ̀ ń ta mí lójú. Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, mi ò kàn lè dúró wò ó ni."

Ìyá rẹ̀, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ti gbọ́ pé mo wà nílé-ìwé, ó sì wá bá mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi nǹkan òyìnbó ba èyí tó kù nínú ojú ẹ̀ jẹ́ fún mi." Mo ṣàlàyé fún un pé iná bọ́ọ̀dù kì í fọ́ ojú, ó kàn ń ni ọmọ náà lára ni, bí wọ́n bá sì dín in kù, ara á tù ú. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń dúró dè tí wọn ò tíì dín in kù?" Mi ò rí èsì fún un. Látọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà dé ni ibi ìdínkù yẹn ti wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní òkè téńté, bó ṣe máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà lè dúró wò ó.

Ẹni tó tà á fún wọn ti sọ pé "gbogbo ti akàndá ẹ̀dá" ló wà nínú rẹ̀. Mo béèrè ohun tó fi hàn wọ́n. TalkBack ni, ohùn tó ń ka ohun tó wà lójú Android fún afọ́jú. Ó tàn án, ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Kò sí afọ́jú kan nínú kíláàsì náà. Bí TalkBack bá sì ti wà ní títàn, ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò ṣí nǹkan kan mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ máa tẹ̀, títí kan tíṣà. Wọ́n pa á lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì gbà pé àwọn ti gbìyànjú fún àwọn akàndá ẹ̀dá.

Lójú tèmi, ògiri ló yẹ kí wọ́n kọ ìròyìn lé lórí. Oòrùn ló fa kọ́tìnì, kọ́tìnì ló fa òkùnkùn, òkùnkùn ló gba ètè tíṣà lójú ọmọ kan tó sì sọ funfun bọ́ọ̀dù di abẹ́rẹ́ lójú èkejì. Bí ẹ bá gbé bọ́ọ̀dù náà lọ sí ògiri apá àríwá, tí fèrèsé ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò dojú kọ ọ́, ẹ ò nílò kọ́tìnì rárá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fún ọ̀gá ilé-ìwé. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ lọ bá Dádì sọ ọ́, mà."

Mo bá Dádì. Ògiri tí mo ní kí wọ́n kúrò lára rẹ̀, òun ló yàn án, nítorí pé òbí tó bá ń wọlé láti géètì á rí bọ́ọ̀dù náà láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ó ní, "Àǹtí, owó ni mo fi rà á, owó ni mo fi gbé e kọ́, ẹ tún fẹ́ kí n fowó sọ̀ ọ́?" Mo ní kó má bínú. Mo rán an létí òfin tó lòdì sí fífi ìyà ìyàsọ́tọ̀ jẹ àwọn akàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ó mi orí, ó wo fóònù rẹ̀. Mo wá bi í pé ta ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta náà nínú yàrá ẹ̀yìn, èló sì ni wọn yóò máa san fún un lóṣooṣù. Ìbéèrè yẹn ló gbé e dìde, ló sì mú kó gbà kí wọ́n gbé bọ́ọ̀dù náà kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe òfin. Mo sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni, kí ẹni tó bá ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ láti jà lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wẹ́dà láti Lafẹ́nwá ń tú irin tó gbé bọ́ọ̀dù náà dúró, mo fi téèpù wọn bó ṣe ga tó. Etí ìsàlẹ̀ ojú bọ́ọ̀dù wà ní 50 íǹṣì sílẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà fún ilé tí akàndá ẹ̀dá lè lò sọ pé ohun tí ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ yóò fọwọ́ kàn kò gbọdọ̀ ga ju 48 íǹṣì lọ, àgbàlagbà ni wọ́n sì fi wọn ìyẹn. Ìyẹn ni pé láti ìgbà tí bọ́ọ̀dù ti dé, kò sí ibì kankan lójú rẹ̀ tí ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè tọ́. Bọ́ọ̀dù afọwọ́kàn tí ọwọ́ ọmọ kò kàn! Àwọn tíṣà ní àwọn gbé e sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i, kí àwọn ọmọ kékeré má sì máa fi ọwọ́ dídọ̀tí kàn án.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn kì í ṣe irọ́ ṣá. Ojú bọ́ọ̀dù 75 íǹṣì ga tó 37 íǹṣì. A sọ̀ ọ́ wá sí 30 íǹṣì, ọmọ orí kẹ̀kẹ́ sì lè dé bí ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n orí àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìlà ìsàlẹ̀ mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn lójú. Tíṣà Ìṣirò ló rí ọgbọ́n rẹ̀, kì í ṣe èmi. Ó fa ìlà kan sí àárín: òkè ni òun ń kọ ohun tí gbogbo wọn yóò kà sí, ìsàlẹ̀ ni ẹni tó bá jáde wá yóò ti ṣiṣẹ́. Ó tún fa àpótí irinṣẹ́, ibi tí bírò àti ìparẹ́ wà, wálẹ̀ sí etí ìsàlẹ̀. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n wá kù. Ibí yìí ni ohun tó fa iwin àkọ́kọ́ ti wá ṣeé lò. Nítorí pé ohunkóhun tó bá dínà ìtànṣán ni bọ́ọ̀dù kà sí ìka, ọmọ náà kò nílò ìka. Káfíńtà gé igi kan fún un, a fi rọ́bà inú táyà wé ibi ìdìmú rẹ̀ títí tó fi nípọn tó láti fi ìkúùkù mú, igi náà sì ń kọ̀wé bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Fóònù kò lè ṣe ìyẹn fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni pé apá aṣọ rẹ̀ náà ń kọ̀wé bó bá kan gíláàsì, nítorí náà a ká a sókè títí dé ìgúnpá. A tún lọ sí ibi ètò Android, a fa àkókò tí ẹ̀rọ fi ń ka ìfọwọ́lé sí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ gùn, kí ìtẹ̀ tó bá falẹ̀ díẹ̀ má baà máa ṣí ohun tí kò pè.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì ló ṣòro díẹ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ alẹ́ ṣe àwọn eré kan lórí bọ́ọ̀dù, tí ọmọ yóò fa orúkọ egungun lọ sí ibi tí egungun náà wà. Wọ́n dára lójú. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ kó sì máa fà á lọ láìjẹ́ kó bọ́ ni iṣẹ́ tó le jù fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Mo fi WCAG 2.2 hàn án, ìlànà bí a ṣe ń ṣe ohun orí ẹ̀rọ kí akàndá ẹ̀dá lè lò ó, èyí tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún íńtánẹ́ẹ̀tì, gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un níbẹ̀ pé ohun tí a bá ń fi fífà ṣe gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà mìíràn tí ìtẹ̀ lásán lè fi ṣe é. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó tún àwọn eré náà ṣe síbẹ̀: ẹ tẹ orúkọ, ẹ tẹ egungun. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá náà ń yára parí i jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìwé ìlànà yẹn kan náà ni mo fi bá gbogbo tíṣà sọ̀rọ̀ àwọ̀. Ó ní ìtakora àwọ̀ lẹ́tà sí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan ṣe yàtọ̀ sí ti èkejì tó, kò gbọdọ̀ dín sí 4.5 sí 1, àyàfi bí lẹ́tà bá tóbi dáadáa. Dúdú lórí funfun jẹ́ 21 sí 1. Yẹ́lò lórí funfun, tí tíṣà kan fẹ́ràn láti máa fi tẹnu mọ́ ohun pàtàkì, jẹ́ 1.07 péré. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an ni kò hàn! Ọmọbìnrin àfín náà ló yan èyí tí a wá fẹnu kò lé lórí, lẹ́tà aláwọ̀ kírímù lórí ilẹ̀ dúdú, ìmọ́lẹ̀ bọ́ọ̀dù sì wá sílẹ̀ dé bí ìdajì. Dádì ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èrè kejì: iná ẹ̀yìn gíláàsì ló ń jẹ iná mànàmáná jù nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì inverter wọn ń gbé e pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bí tíṣà kankan bá tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, Dádì fúnra rẹ̀ ló ń wá dín in kù.

Tábúlẹ́ẹ̀tì kò yọrí sí rere. Ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù ṣeé gbé sórí tábúlẹ́ẹ̀tì lórí tábìlì ọmọ, láti inú wáìfáì ilé-ìwé láìlo dátà, kí ó lè fà á tóbi bó ṣe wù ú. Mo rò pé ìdáhùn gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin náà lò ó díẹ̀, ó sì dá a padà. Ó ní òun nìkan ló ń wolẹ̀ nígbà tí gbogbo kíláàsì bá ń wòkè, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kí òun tó rí i. Ó fẹ́ jókòó sí ìlà kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó dìde sún mọ́ bọ́ọ̀dù nígbà tó bá nílò rẹ̀. A gbà fún un. Àwọn ìwé gígùn nìkan ló ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì kà báyìí.

Ní ti ọmọ tí etí rẹ̀ di, nǹkan kékeré ni: kọ́tìnì ti lọ, ojú tíṣà ti padà dé. Ohun tó kù ni kí tíṣà máa kọ̀wé tán kó tó yíjú sí kíláàsì sọ̀rọ̀, kì í ṣe kó máa bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Àwọn kan ti gbà á mọ́ra, àwọn kan ń gbàgbé lójoojúmọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì ń nawọ́ sókè rán wọn létí.

Ẹ̀kọ́ Yorùbá ni mi ò rí ọgbọ́n kankan dá sí. Lẹ́tà bí ẹ̀ àti ọ́ kò ní ipò tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ tí ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, ẹ tàbí ọ pẹ̀lú àmì tí a gbé lé e lórí ni ẹ̀rọ ń tò pọ̀, fọ́ǹtì tó wà nínú bọ́ọ̀dù náà kò sì mọ bí a ṣe ń tò ó. Àmì á fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí ipò rẹ̀. Ọmọ tó ríran dáadáa lè fi òye gbé e, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ìnira wá àmì kékeré lójú bọ́ọ̀dù kò mọ èyí tó jẹ́ àmì àti èyí tó jẹ́ àṣìṣe ẹ̀rọ. Tíṣà Yorùbá ti padà sí kíkọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́, gàdàgbà-gadagba, pẹ̀lú àyè tó gbòòrò láàárín ìlà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń jẹ àkókò.

Yàrá ẹ̀yìn ti padà di ilé ìkẹ́rùsí. Ìjà kan ṣì wà nílẹ̀. Dádì ti fi nọ́ńbà ti bọ́ọ̀dù pa, kí àwọn ọmọ má baà fọwọ́ kàn án nígbà ìsinmi. Ọmọ orí kẹ̀kẹ́ ní ìsinmi gan-an lòun nílò, nítorí ó ń gba òun lákòókò kí igi tó dé ibi tí òun fẹ́, òun kò sì fẹ́ kí kíláàsì máa dúró de òun. Tíṣà Ìṣirò wà lẹ́yìn ọmọ náà, ọ̀gá ilé-ìwé wà láàárín, Dádì sì ní bí ọ̀kan bá wọlé, gbogbo wọn á wọlé. Wọ́n ti gbé e sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀. Bàbá ọmọ náà, tó ń fi mọ́tò akérò ná Kútọ̀, ti ní òun ò ní wa mọ́tò lọ́jọ́ yẹn.